Owó Yín àti Abẹ́rẹ́ Yétúndé

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí kò bá a mu fún ẹni tó ti lọ láti ọdún mẹ́rìnlá, àmọ́ n kò mọ èyí tí ǹ bá tún kí yín. Tí mo bá ní ẹ kú ìsinmi, mo máa ń bi ara mi bóyá ẹ ń sinmi lóòótọ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí tí kò ní lọ pe pásítọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí pálọ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ilé dá, tí mo ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ máa ń fẹ́ gbọ́ ti owó kí ẹ tó gbọ́ ti ènìyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ti owó ṣáájú. Ẹ rántí àwọn ṣíà yín, ìpín yín nínú báńkì àti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ẹ ń rà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Ayépé. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ẹ ó po gàrí yín sínú omi tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, ẹ ó wá máa fi bírò fa ìlà sábẹ́ iye tí ṣíà kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ẹ máa ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ náà wí bí ọmọ kíláàsì. Èyí kò múra sí iṣẹ́ rẹ̀ ní sáà yìí, èyí ń gbìyànjú, èyí kàn ń pariwo lásán. Mo ti ta gbogbo wọn. Ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò lọ síwájú, wọn kò padà sẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an lẹ sì kọ́ mi pé owó tó ń sùn yẹ kí ènìyàn jí i.

Ibi tí mo kó o lọ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tí wọ́n ń ṣe oògùn fún àwọn tó sanra jù. Abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹni tó bá ń gbà á mọ́, ara rẹ̀ á sì máa fọn díẹ̀díẹ̀. Lóde òní, ènìyàn lè jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà kí ìrẹsì rẹ̀ tó jinná. Mo ra ti èyí tó ti ń ta abẹ́rẹ́ náà, mo sì ra díẹ̀ nínú méjì tí wọ́n ṣì ń dán tiwọn wò lára ènìyàn. Oògùn ọ̀kan nínú àwọn méjì náà kò yege, ṣíà rẹ̀ sì já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èkejì ń lọ sókè. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí bóyá mo ka ìwé wọn dáadáa kí n tó rà. Mo kà á, Màmá. Mo kà á lákàtúnkà.

Àmọ́ kì í ṣe èrè nìkan ni mo ń wá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ rí ọjọ́ tí wọ́n gbé yín sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Èmi ni mo rí i. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń gbé yín, wọ́n ń sinmi láàárín àtẹ̀gùn, òógùn bò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì ń bẹ òkú yín pé ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ fúyẹ́ fún wa díẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Dókítà ti sọ pé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa yín, pé ara yín ti wúwo ju ohun tí ọkàn yín lè gbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí ọ̀rá, bí ẹni ń bínú sí apànìyàn. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé àwọn kan ti rí ohun tó ń pa á, mo ní kí owó yín lọ bá wọn gbógun tì í. Ṣé ẹ rò pé mo ṣe àṣìṣe?

Ó wá ku ti ènìyàn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a sin yín, Bùkọ́lá, ìyàwó mi tí ẹ fẹ́ràn, bí ọmọbìnrin. Kò sí ẹni tó bèèrè orúkọ tí a ó sọ ọ́. Àbúrò yín, Ìyá Ìbẹ̀fun, gba ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo etí rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà lórí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò tiẹ̀ pẹ́ lọ́hùn-ún.”

Bí Yétúndé ṣe di ìyá gbogbo wa nìyẹn. Àbúrò yín kò pe ọmọ náà ní ìwọ rí, ẹ̀yin ló ń pè é. Bùkọ́lá ń pè é ní Màmá. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni wá, a sì mọ ohun tí Bíbélì sọ, pásítọ̀ náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ tó bá dé ilé wa, òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní Ìyá Àgbà dà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Láti ìgbà tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun ló ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo etí abọ́ rẹ̀, bí ẹ ti ń ṣe, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ fà á lọ. Tó bá ń gun òkè, á dúró láàárín àtẹ̀gùn, á fi ọwọ́ pa orúnkún òsì, á mí kanlẹ̀. Orúnkún wo ló ń dun ọmọ ọdún mẹ́ta? Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí mo ń wo iye ṣíà lórí fóònù, ó wá dúró ti itan mi, ó sì pè mí ní Àkànní. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ẹni tó tún pe oríkì yẹn ní ilé yìí. Ó ní, “Àkànní, èló ló ń lọ báyìí?” Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó sì lọ jókòó sí àga yín.

Síbẹ̀, inú mi dùn. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an. Ní gbogbo ọ̀sán lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bi mí ní iye tó ń lọ, mo sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo ta ṣíà yín tí mo ra ti abẹ́rẹ́, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó wò mí títí, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá.

Ibi tí gbogbo wa ti ṣìnà nìyẹn. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé oúnjẹ ti tó? Tí ọmọ bá ní òun tún fẹ́, a lè ní rárá. Tí Màmá bá ní òun tún fẹ́, a ó sáré lọ bù ú wá. Àbúrò yín ń ti Ìbẹ̀fun gbé ìkọ́kọrẹ́, ewùrà rírin tí a sè, wá nínú kúlà, ẹja tútù rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, epo ń ṣàn lójú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ. Ọmọ náà ń tóbi, a ń dúpẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó fi kún àga yín. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò yín gbé léèsì funfun yín jáde láti inú àpótí fún Àjíǹde, kò sí ìdí fún télọ̀ rárá, ó bá a mu láti ọrùn títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà kan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní Ayépé dìde ní àyè rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, kò sì padà wọlé mọ́ títí ìsìn fi parí. Àwa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń kú lọ lójú wa, Màmá, àwa ń rẹ́rìn-ín.

Ó dákú ní ilé-ìwé, níbi tí wọ́n tò sí láàárọ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ṣúgà ti wà níbẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ti àgbàlagbà, pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe, ọkàn rẹ̀ kò ní gbé e dé ibi tó ń lọ. Ó kọ orúkọ abẹ́rẹ́ kan sí ìwé. Mo wo orúkọ náà, mo bú sẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá rò pé orí mi ti yí. Abẹ́rẹ́ tèmi ni, Màmá, èyí tí mo fi owó yín ra ìpín nínú rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò yín gbọ́, ó dé kí n tó bọ́ bàtà.

“Ìgbà àkọ́kọ́, Ọlọ́run ló mú ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo gba kámú. Ìwọ ọmọ rẹ̀ lo wá fẹ́ fi owó rẹ̀ lé e jáde lẹ́ẹ̀kejì?”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì ti wà lọ́kàn mi kó tó dé. Bí ara ọmọ náà bá fọn, ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ ó wà? Bí kò bá sì fọn, ẹ̀yin méjèèjì ni n ó tún gbé sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Bùkọ́lá kò bá wa dá sí gbogbo ìyẹn. Ó ní òun kò bí ìyá ẹnikẹ́ni, ọmọ lòun bí, ó sì gbé abẹ́rẹ́ náà sínú fíríìjì. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí Yétúndé bá ti ilé-ìwé dé, á jókòó sí kíṣìnnì, ìyá rẹ̀ á fi ọwọ́ mú ẹran ikùn rẹ̀ díẹ̀, á gún un. Kì í pẹ́ rárá.

Lákọ̀ọ́kọ́, èébì ń gbé e, ó sì bì. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀. Bí ó ti ń fi oúnjẹ sílẹ̀ ni ẹ̀yin náà ń fi í sílẹ̀, mo ń wò ó lójoojúmọ́. Ọwọ́ òsì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí itan. Ó gun òkè láìdúró. Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kejì tí oògùn rẹ̀ ṣì wà lójú ìdánwò yege nínú ìdánwò ìkẹyìn rẹ̀, tí ṣíà rẹ̀ fò sókè, mo jókòó sí pálọ̀, mo ń dúró kó wá bi mí ní iye tó ń lọ. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, Dádì,” ó sì kọjá lọ. Kò kúnlẹ̀ kí mi rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ọmọ mi kí mi, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún yín bí ẹni pé àná lẹ kú.

Mo rò pé ẹ ti lọ nìyẹn.

Àga yín ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ kò lọ. A ti mú un lọ fún àwọn tó ń ṣe àga kí wọ́n ki tìmùtìmù tuntun sí i, kò sì sí ẹni tó jókòó sí i. Láàárọ̀, tìmùtìmù á wú. Tí oòrùn bá yẹ̀ díẹ̀, á ti tẹ̀ láàárín, á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì jù, bí ẹ ti máa ń jókòó. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Bùkọ́lá á wà nísàlẹ̀, Yétúndé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a ó gbọ́ ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ìsinmi, á dúró láàárín, á mí kanlẹ̀, á tún máa lọ. Ọ̀sán ni o, oòrùn ń ràn, ọlọ́jà ń polówó búrẹ́dì ní títì. Nígbà mìíràn, òórùn ìkọ́kọrẹ́ á gba ilé kan, bẹ́ẹ̀ a kò tan gáàsì. Bùkọ́lá á gbé orin ìyìn sókè, kò sì ní wo ojú mi. Bí ọmọ náà ti ń fúyẹ́ ni ìró ẹsẹ̀ yẹn ń wúwo, títí pákó kan fi là lórí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹ ti máa ń dúró.

Ǹjẹ́ mo bẹ̀rù? Mo bẹ̀rù. Àmọ́ ìdùnnú wà nínú ẹ̀rù náà, bí ti ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé tó wá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìsìn, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àbúrò yín gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ dé. Ó ṣí abọ́ síwájú Yétúndé, ó sì kúnlẹ̀ fún un tòun ti gèlè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Díẹ̀ péré. Ẹ má tún fi mí sílẹ̀.”

Yétúndé wò ó. Ó ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ti di ojú tí n kò mọ̀, ojú tirẹ̀. Ó fi sùúrù fa ìyá náà lápá.

“Màmá Ìbẹ̀fun, ẹ dìde. Èmi kọ́. Wọ́n wà lẹ́yìn yín.”

Kò sí ẹni tó yí ojú padà nínú wa. Mo rí bí ọrùn àbúrò yín ti le.

“Abọ́ yẹn ni wọ́n ń wò,” ni ọmọ náà wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ebi ń pa wọ́n, Dádì. Wọ́n ní ara mi ti fún jù, pé àwọn ò lè wọlé mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n jẹun. Wọ́n ti ń bínú.”

Màmá, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin tí ẹ kì í na ọmọ ọlọ́mọ láìpe òbí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ dúró ti ọmọ ọmọ yín tí ẹ ń dẹ́rù bà á? Àbí ebi ń pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Kò sí ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nínú ayé yìí tó tó ìyẹn, ẹ kò sì dá mi lóhùn.

Mo gba abọ́ náà kúrò níwájú ọmọ. Mo lọ jókòó sí àga yín, ibi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, ó sì gbóná. Mo ní, “Màmá, ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Àyè wà lọ́dọ̀ mi.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé n kò fẹ́ràn ewùrà láti kékeré, ẹ fi ẹgba lé mi títí ó fi sú yín. Lọ́jọ́ yẹn, ó dùn débi pé mo fi ìka nu abọ́. Bùkọ́lá ń pe Jésù. Yétúndé ń wo ẹ̀yìn àbúrò yín, ó wá ń yí ojú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ojú sin ẹni tó ń rìn kọjá, títí ojú rẹ̀ fi dúró lórí mi. Ó mí. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun ń lọ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Láti ọjọ́ náà, ilé ti dákẹ́. Yétúndé ń sùn dáadáa. Ó ń bá wọn sáré ní ilé-ìwé báyìí, dókítà ní ṣúgà ti ń lọ sílẹ̀, pé tó bá ń lọ báyìí, ó lè pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ. Ọmọ alárìíyá ni, ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń kọrin tí kò ní orí tí kò ní ìdí. N kò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn, nítorí láti ọjọ́ tí a ti bí i, àwa kò tíì rí i.

Gbogbo ṣòkòtò mi ti há. Mo jẹun àárọ̀ tán, mo ń ronú ti ọ̀sán. Àbúrò yín ṣì ń wá láti Ìbẹ̀fun. Á fọwọ́ pa Yétúndé lórí, á ní báwo ni, ọmọ mi, á kọjá lára rẹ̀, á wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo sọ fún un nígbà àkọ́kọ́ pé kó dìde. N kò sọ ọ́ mọ́.

Ṣíà ń lọ sókè. Ẹ mọ̀, ojoojúmọ́ ni mo ń kà á sókè fún yín. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sí orúkọ Yétúndé, kí ó lè máa fi èrè rẹ̀ ra abẹ́rẹ́ ara rẹ̀, bí ọjọ́ kan bá dé tí n kò sí níbẹ̀ láti rà á.

Bùkọ́lá fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin náà gbé mi sórí ìwọ̀n, ó wọn ìfúnpá mi, ó wá fa bírò yọ, ó kọ orúkọ abẹ́rẹ́ kan náà fún mi. Bùkọ́lá ní kí n gbà á, ó ní ṣebí a ní ìpín níbẹ̀, ó sunkún, ó di ọwọ́ mi mú níwájú dókítà. Mo ní ara mi le. Mo ní n kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Mo mọ oògùn náà dáadáa, Màmá, ó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ ẹni tí yóò kúrò nínú mi bí mo bá gbà á, àti ilẹ̀kùn ẹni tí yóò tún lọ kàn.

Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì dókítà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ebi tún ti ń pa.